Pèrègún Tí Mo Dorí Rẹ̀ Kodò

Orí wọn ni mo rì mọ́lẹ̀. Pèrègún ni mo ń wí. Èmi tí àwọn ọmọ ń pè ní bàbá lónìí, tí wọ́n ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi, mo ru ìdì ọ̀pá pèrègún lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbé e lọ sí etí odò kan lọ́nà Ìjù, mo gbẹ́ ihò, mo sì gbìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó yẹ kó wà lókè, mo rì í mọ́lẹ̀. Ibi tó yẹ kó wà nílẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀run. Oòrùn ọ̀sán ń jó mi lẹ́yìn, òógùn ń wọ̀ mí lójú, mo sì ń fẹsẹ̀ kì wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ọba rán níṣẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo sún sẹ́yìn, mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó sì wù mí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló rán mi. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni àwa ọmọdé ń pè é, torí pé ní gbogbo agboolé wa ní Ọ̀tà láyé ìjọba òyìnbó yẹn, òun nìkan ló ń gun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà dúdú, ó ń dán, ó sì ní aago kan lọ́wọ́ tí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí omi tútù bá kan ọ̀fun. Kíríń-kíríń. Mo lè fi oúnjẹ sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ, èmi tí n kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí ohunkóhun. "Bí o bá bá mi gbin nǹkan yìí, tí o sì pa ẹnu mọ́," ó ní, "màá gbé ọ síwájú kẹ̀kẹ́, ìwọ ni o ó máa tẹ aago títí a ó fi délé." Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Ìwọ ni ọkùnrin inú wọn." Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin! Èmi tí adìẹ tó sàba máa ń lé wọ yàrá! Ká ní ó ní kí n gbin ara mi ni, mi ò bá ti wà nínú ihò kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ní ọ̀dọ̀ wa, pèrègún ni ààlà. Ibi tí bàbá méjì bá ti jọ gbin pèrègún, ibẹ̀ ni ilẹ̀ wọn ti pínyà, àwọn ọmọ wọn ò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà láàárín ilẹ̀ wa àti ti ìdílé Mùsùlùmí kan tó múlé tì wá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Òkè ló wà, lẹ́bàá ìgbó ọ̀pẹ, kò sún mọ́ odò rárá. Àmọ́ nígbà tí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ń sun igbó láti gbin ẹ̀gẹ́, iná jó dé ìdí àwọn pèrègún yẹn, ó jó wọn tán, wọ́n sì hú gbòǹgbò wọn dànù nígbà tí wọ́n ń kọ ebè. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ní iná ló ṣì rìn. Olórí ìdílé kejì, tó jẹ́ télọ̀, ní iná tó mọ ojúlé pèrègún tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n fi í joyè. Bí wọ́n ṣe bá ara wọn dé kóòtù ìbílẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà kóòtù ní àwọn ń bọ̀ wá fi ojú ara àwọn rí ilẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí pèrègún tuntun fi gbọ́dọ̀ wà ní etí odò kí wọ́n tó dé, kí gbogbo ilẹ̀ láti òkè dé odò lè di tiwa.

Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin ti àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láyé, ìyá tó bí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, tó sì bí bàbá mi. Ìyàwó tuntun ni lọ́jọ́ náà, òun wà lára àwọn tó ru omi tí wọ́n bù sí i.

Ọ̀dọ̀ Ìyá yìí ni mò ń gbé, torí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èkó, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá di ojú báyìí, gàrí ni mo kọ́kọ́ ń gbóòórùn rẹ̀. Òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n dì sínú àpò, tí wọ́n gbé òkúta lé, tí omi rẹ̀ ń ro tó-tó-tó sínú kòtò lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà, òórùn gbígbẹ tó dùn nígbà tó bá ti wà lórí iná. Ìyá á jókòó ti agbada, á na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, èéfín á máa ta á lójú, á máa fi àfọ́kù igbá tì í síhìn-ín, tì í sọ́hùn-ún, hùwà, hùwà, hùwà. Bí orin bá wà lẹ́nu rẹ̀, igbá náà á tẹ̀ lé orin. Tó bá ń gbàdúrà, igbá á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé òun náà ṣe àmín. Kò mọ̀wé. Ó máa ń ní kí n ka Bíbélì sí òun létí, níwọ̀n ìwé díẹ̀ tí mo mọ̀. Tí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan nítorí pé ó gùn, á ní, "Padà sẹ́yìn. O fo nǹkan."

Láràárọ̀, kó tó dáná gàrí, ògì ló máa ń kọ́kọ́ rò. Á bu ti èmi àti òun, á tún bu igbá kan sọ́tọ̀, á fi ewé bò ó. Tó bá yá, a ó gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, kíríń-kíríń. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ń lọ sóko nìyẹn. Á fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ewú tó ti ń yọ lórí rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi." Ìyá á ní, "Ṣé o jíire, bàbá mi?" Á mu ògì lóòró, á ní ó gbóná jù. Ìyá á ní ẹnu rẹ̀ ló rọ̀ jù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà aago á dún, á lọ. Ìyá á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́.

Télọ̀ yẹn ló wá dá wàhálà tiwa sílẹ̀. Ó dìde ní kóòtù, ó ní òun ò ní ẹlẹ́rìí kankan, gbogbo àgbà ilé òun tó mọ ààlà náà ti kú. "Àmọ́ ìyá wọn wà láyé," ó ní. "Mùsùlùmí ni mí, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Látìgbà tí mo ti ń rán ẹ̀wù ni mo ti ń ra gàrí lọ́wọ́ wọn, wọn ò da ti àná pọ̀ mọ́ tòní fún mi rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá nawọ́ síbi tí ààlà wà. Ibi tí wọ́n bá nawọ́ sí, mo fara mọ́ ọn. Wàláhì, mi ò ní rojọ́ kankan mọ́." Wọ́n ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti kóòtù dé ilé. Ìyá tó bí i lọ́mọ kọ́ ni wọ́n ní kó wá jẹ́rìí?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo ìdílé kó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì ń ṣa pàǹtí kúrò nínú gàrí, ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ àwọn pèrègún mi.

"Ìyá, a ò ní kí ẹ purọ́ o," Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Àwa náà kúkú ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sọ nǹkan kan rárá. Ẹ kàn nawọ́ sísàlẹ̀, níbi odò. Tí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ ní ara yín ò yá."

Ìyá ò gbójú sókè. "Ọwọ́ tí mo bá nà ńkọ́? Ṣé òun ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

"Ìyá, ilẹ̀ àwọn ọmọ yín ni!"

"Mo mọ̀."

Ìyàwó ilé kan fa ọ̀rọ̀ gbà. "Wọ́n á ní Ìyá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú wọn, wọ́n fi ta télọ̀ lọ́rẹ. Ojú wo la fẹ́ fi máa rìn nílùú?"

Àbúrò ọkọ Ìyá kan, tó jókòó sí kọ̀rọ̀, wúkọ́. "Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní nǹkan kan. Tí ọlọ́jọ́ bá dé, ṣé télọ̀ ló máa sin yín ni?"

Mo rí ọwọ́ Ìyá nínú gàrí, kò rìn mọ́. Kò sí ìyá àgbà kan nílùú wa tí ọ̀rọ̀ yẹn ò ní wọ̀ dé egungun. Ó wo àkọ́bí rẹ̀. "Ṣé ìwọ náà lo wí bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ wolẹ̀. "Èmi ò wí bẹ́ẹ̀, Ìyá. Àmọ́ tí ẹ bá nawọ́ sókè, kẹ̀kẹ́ mi ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí mọ́."

Ó jáde. Bó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó tẹ aago. Bóyá ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Mo rí ojú Ìyá bó ṣe gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n máa wá wo ilẹ̀, Ìyá ò kọrin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gàrí jó lójú rẹ̀, ohun tí mi ò rí rí. Òórùn ti gba gbogbo ilé kó tó ta gìrì. "Mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni," ó ní. Mo bi í pé kí ni Ọlọ́run sọ. "Kò sọ nǹkan tuntun. Èyí tó ti sọ tẹ́lẹ̀ náà ló dúró lé lórí." Èmi, ohun tí mo fẹ́ kó sọ ni pé kí gbogbo wa jọ jẹun, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí ẹnikẹ́ni. Mo tiẹ̀ gba Ìyá nímọ̀ràn, ẹ wo àyà mi! Mo ní kó nawọ́ sí àárín méjèèjì, kò ní sún mọ́ odò, kò ní sún mọ́ ọ̀pẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ yìí, o ó lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ láyé." Mo ṣe àmín kíkankíkan. Mo ti dàgbà gan-an kó tó yé mi pé kì í ṣe àdúrà.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn àgbà kóòtù dé pẹ̀lú akódà kan tí ṣòkòtò rẹ̀ le gbàgìdì. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ṣíwájú wọn lọ sí etí odò. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ wò ó. Pèrègún rèé, ó tò lọ." Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀pẹ kan tó dá wà nítòsí odò. Ìkankan nínú àwọn pèrègún náà ò hùwé. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n gbẹ, bí ọ̀pá tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Àgbà kóòtù kan tó jẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka fa ọ̀kan yọ, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀.

"Orí ló wà nínú ilẹ̀ yìí," ó ní. "Àbí abẹ́ ilẹ̀ ni ààlà tiyín ń hù sí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Akódà tí kì í rẹ́rìn-ín fi ọwọ́ bo ẹnu. Télọ̀ di ikùn mú. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Ọmọdé... àwọn ọmọdé ló ń ṣeré," ojú rẹ̀ sì wá mi rí lẹ́yìn ọ̀pẹ. Ó wù mí kí ilẹ̀ gbé mi mì lójú ẹsẹ̀, kódà bó fẹ́ dorí èmi náà kodò.

Àgbà kóòtù gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. "Igi àdorí-kodò ò sọ nǹkan kan fún wa ju pé òpònú kan gba ibí kọjá. Ẹ jẹ́ kí Ìyá bọ́ síwájú."

Ìyá bọ́ síwájú. Gèlè funfun tó ń wé lọ gba oúnjẹ Olúwa ló wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò dì í lọ́wọ́ mú; ó fi ọ̀pá gun òkè náà fúnra rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ìgbó ọ̀pẹ. Ó dúró. "Ibí ni," ó ní, "títí lọ dé ìdí ọ̀pẹ tó tẹ̀ yẹn. Ìyàwó ilé wọn kan wà níbí, èmi wà lọ́hùn-ún, àwa méjèèjì la bu omi sí i. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò mọ omi rù." Ó wá na ọwọ́. Mo ṣì ń rí ọwọ́ yẹn. Ó tín-ín-rín, àpá iná gàrí kún orí rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n gan-an ni. Àmọ́ kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí gbogbo wọn fi rí i.

Télọ̀ ló bú sẹ́kún. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ebè. Ìyá ní, "Dìde, jàre. Kì í ṣe torí tìẹ."

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tẹ aago.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá ro ògì, ó bu igbá kẹta, ó fi ewé bò ó. A gbọ́ aago láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, bóyá ewúrẹ́ ló ń lé. Ó sún mọ́ wa. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó kọjá. Ìyá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ewé náà. "Gbé e, mu ún," ó ní fún mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láràárọ̀, gbogbo ìgbà òjò yẹn. Mo ní kí ló dé tí kò jáwọ́ nínú bíbu ògì ẹni tí kò ní mu ún. "Èmi kọ́ ni mò ń bá a jà," ó ní. "Òun ló ń bá mi jà." Ìjà náà le, àmọ́ kí n má purọ́, èmi ni mò ń sanra níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ilé wa ṣí kúrò ní ìjókòó tí a jọ ń jókòó sí. Èmi àti Ìyá nìkan ló kù lórí àga gígùn. Nígbà Ìkórè, wọ́n pe ìdílé wa jáde, gbogbo wọn jó lọ, wọ́n jó bọ̀, Ìyá sì dúró títí wọ́n fi jókòó tán kó tó gbé agbọ̀n gàrí rẹ̀ lọ síwájú. Mo tẹ̀ lé e, mo tẹ orí ba sínú kọ́là ẹ̀wù mi bí ìjàpá, mò ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má rí mi. Ìyá ń jó ní tirẹ̀. Kò yára, kò sì wo ẹ̀gbẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń yan gàrí, ara mi ò gbà á mọ́. "Ìyá, èmi ni mo gbin pèrègún yẹn."

Igbá ò dákẹ́. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀gẹ́ mi tí o ń bá mi gbìn lóko ńkọ́? Ta ló tún wà nílẹ̀ yìí tó ń dorí igi kodò?" Ó yí ojú sí mi. "Kí ló fún ọ?"

"Wọ́n ní kí n máa tẹ aago."

Igbá dákẹ́ wàyí. Mo ti ṣe ara gírí de ìfọ́tí. Kò gbá mi. "Ó dùn?"

"Ó dùn, Ìyá."

Ó kọjú sí èéfín. "Ó dùn lóòótọ́," ó ní, jẹ́jẹ́. Ó wá ní kí n lọ mú igi ẹ̀gẹ́ kan wá. Ó gbé ọwọ́ mi lé ara rẹ̀, ó fi ojú igi hàn mí, ibi kékeré tí ewé ti ń yọ. "Òkè ni ojú yìí gbọ́dọ̀ máa wò. Tó bá ti wolẹ̀, o kàn ń ṣe wàhálà ni."

Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ tí aago náà dún tí kò kọjá. A gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ ṣe fara ti ògiri. Ògì tó wà lọ́wọ́ mi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku ọyẹ́ wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ìyá, wọ́n fẹ́ wá fẹ́ ọmọ mi," ó ní. "Mo bi gbogbo ilé nípa ọkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ gbọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè bi."

"Jókòó ná."

"Ẹ sọ fún mi, Ìyá."

"Ọmọ dáadáa ni. Ó ya ọ̀lẹ díẹ̀, àmọ́ kò ní lu ọmọ rẹ."

Ó mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde. Ìyá ṣí ewé kúrò lórí igbá, ó gbé e fún un. Ó mu ún. "Ó gbóná jù," ó ní.

"Ẹnu rẹ ló rọ̀ jù," ni Ìyá wí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti kọ́ ilé sórí ilẹ̀ télọ̀ báyìí, wọ́n kọ́ ọ sórí tiwa náà, ilé sì tò títí lọ dé Ìjòkó. Fèrè iléeṣẹ́ ló ń jí mi ní Ṣàngó níbi tí mò ń gbé. Ìbẹ̀rù ojú ènìyàn tó mú mi lọ́mọdé ò tíì fi mí sílẹ̀. Tí ìpàdé bá gbóná, tí gbogbo ènìyàn ń mi orí, tèmi ló ń kọ́kọ́ mì, kí n tó mọ ohun tí wọ́n sọ. Ìgbà míì, ní àárín mímì náà, màá rí ọwọ́ kan lókè níwájú ìgbó ọ̀pẹ, tó ń gbọ̀n, tí kò wálẹ̀, màá sì sọ òótọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o. Mo gbin pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ ilé mi, ojú rẹ̀ ń wòkè. Láàárọ̀, tí mo bá ń dá ka Bíbélì, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan, màá wá dákẹ́, màá máa retí. Kò sẹ́ni tó ń ní kí n padà sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ dúró yẹn, nígbà tí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ lọ tán, Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe, aago ń dún lọ, ó ń dín kù. Mo fa aṣọ Ìyá. "Ìyá, ká ní wọn ò padà wá mọ́ ńkọ́?"

Kò wẹ̀yìn. Ó jẹ́ kí aago náà parẹ́ tán.

"Ìbá dùn mí wọ sàréè. Kò sí ohùn tí mo fẹ́ràn láyé yìí tó ti aago yẹn. Àmọ́ ọmọ mi, kì í ṣe aago kẹ̀kẹ́ ni yóò jí mi lọ́jọ́ àjíǹde."